Máìkì ribbon onísítẹ́rìò: ohun tí ìlù àti agídìgbo fi kọ́ mi

Ẹni tó bá bi mí pé máìkì ribbon onísítẹ́rìò wo ló yẹ kóun rà, ìbéèrè ni mo máa ń fi dá a lóhùn: yàrá wo lo fẹ́ lò ó sí? Ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ràn ìdáhùn yẹn. Wọ́n ti wo fídíò, wọ́n ti mọ orúkọ gbogbo wọn lórí, wọ́n ti mọ iye tí wọ́n ń tà á l'Amẹ́ríkà, orúkọ kan péré ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń gba ìlù, gítà, agídìgbo àti gòjé sílẹ̀ ní Ìbàdàn, mi ò tíì rí irinṣẹ́ tó ń tú àṣírí yàrá tó èyí. Máìkì condenser, irú tó wọ́pọ̀ nílé ìgbohùnsílẹ̀, bó bá jẹ́ èyí tó ń gbọ́ iwájú nìkan, lè báni bo ògiri burúkú mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ribbon kì í báni bo nǹkan kan.

Nítorí náà, kó o tó náwó, dúró sáàárín yàrá tó o fẹ́ lò, kó o pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan, kó dún dáadáa. Bí ìró náà bá ń ta láti ara ògiri kan bọ́ sára èkejì kó tó kú, ìró yẹn ni wàá máa gbọ́ lẹ́yìn gbogbo gítà tó o bá gbà níbẹ̀. Yàrá kékeré tí àjà rẹ̀ kò ga, tí ògiri rẹ̀ jẹ́ búlọ́ọ̀kù tí wọ́n rẹ́, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ táìlì, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń gbé ribbon onísítẹ́rìò lọ. Ẹni tí kò bá ní yàrá mìíràn, kó fi owó náà ra condenser méjì tó dáa, kó sún un mọ́ ohun èlò, kó gbàgbé ọ̀rọ̀ ribbon ná. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa ń dun àwọn èèyàn.

Ohun tó fà á kò le. Inú máìkì ribbon, álúmíníọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni wọ́n ta sáàárín òòfà. Ohùn á kàn án, á mì, mímì tó ń mì láàárín òòfà á sì mú iná díẹ̀ jáde. Iná yẹn ni à ń gbà sílẹ̀. Kò sí ohun tó dí i níwájú, kò sí ohun tó dí i lẹ́yìn, bó ṣe ń gbọ́ iwájú gẹ́lẹ́ náà ló ń gbọ́ ẹ̀yìn. Ẹ̀gbẹ́ ni kì í gbọ́, torí pé ohùn tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wá á kan ojú méjèèjì bákan náà, kò sì ní rí apá ibi tó máa tì í sí. Bí èèyàn bá ya àwòrán ibi tó ń gbọ́, nọ́ńbà 8 ni yóò yà. Walter Schottky àti Erwin Gerlach ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Jámánì ní àwọn ọdún 1920, kí Harry Olson àti ilé iṣẹ́ RCA tó sọ ọ́ di máìkì rédíò l'Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930.

Ti sítẹ́rìò ni pé wọ́n to méjì léra nínú ara kan ṣoṣo, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ọ̀kan kọjú sápá òsì, èkejì kọjú sápá ọ̀tún, igun àárín wọn sì jẹ́ digíríì 90. Alan Blumlein, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó bá ilé iṣẹ́ tó di EMI ṣiṣẹ́, ló kọ ètò náà sínú ìwé ẹ̀tọ́ ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní 1931, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pè é títí dòní. Ọkùnrin náà kò tíì pé ẹni ogójì ọdún nígbà tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní 1942, níbi tí wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ radar wò. Kò gbẹ́mìí dé ìgbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra rẹ́kọ́ọ̀dù sítẹ́rìò nílé ìtajà.

Ẹwà ètò Blumlein ni pé ojú kan náà ni máìkì méjèèjì wà. Ohùn kì í dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan kó tó dé ọ̀dọ̀ èkejì, nítorí náà bí wọ́n bá da òsì àti ọ̀tún pọ̀, wọn kì í pa ara wọn, àyàfi ohùn tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, tí màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́. Àwa tí iṣẹ́ wa ń gba inú sípíkà fóònù kan ṣoṣo dé etí ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀rọ̀ ńlá lèyí jẹ́ fún wa.

Ìyáàlù dùndún ló jẹ́ kí n mọ ohun tí ribbon wà fún. Bàbá onílù kan wá gba ìlù sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, mo sì gbé condenser méjì sún mọ́ ojú ìlù rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Bàbá lu ú, mo fi hẹ́dífóònù sí wọn létí. Wọ́n gbọ́ ọ díẹ̀, wọ́n yọ ọ́.

"Ọmọ mi, ṣaworo ló ń sọ̀rọ̀ yìí o. Ìlù ńkọ́?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀pọ̀ condenser ni wọ́n ṣe kí ohùn òkè rẹ̀ yọ sókè díẹ̀, kí ohùn olórin lè dán. Ibẹ̀ gan-an sì ni ìró ṣaworo ń gbé. Ìró wọnnì ti bo ojú awọ. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n pààrọ̀ rẹ̀, bàbá," mo sì gbé ribbon onísítẹ́rìò tí mo yá dúró ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí wọn, ní ìwọ̀n ibi tí ọwọ́ òsì wọn ti ń fún osán. Wọ́n lu "kò sí ewu lóko, àfi gìrì àparò". Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò nílò kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un. Bí osán ṣe ń fún, tí ohùn ń yọ́ gòkè láti ìsàlẹ̀, ni mo ń gbọ́ gbogbo ọ̀nà tó gbà, kì í ṣe ibi tó ti kúrò àti ibi tó balẹ̀ sí nìkan. Kọ̀ǹgọ́ ń dún lára awọ bí igi ṣe ń dún. Ṣaworo ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ó ti padà sẹ́yìn ìlù. Ribbon ń gbọ́ ohùn òkè, ṣùgbọ́n kì í gbé e ga ju bó ṣe wà lọ, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń jẹ́ kó rọlẹ̀. Bí mo bá tún wá fẹ́ kó dán sí i, màá fi EQ, ohun tí a fi ń gbé ohùn òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ sókè tàbí sílẹ̀, gbé e sókè, kì í sì í han etí.

Ohun kejì tó tún jọ mí lójú ni ti ẹgbẹ́ onílù. Àwọn onílù kì í fẹ́ jókòó ní ìlà bí ọmọ iléèwé. Ojú ìyáàlù ni gbogbo wọn ń wò. Bó bá ṣẹ́jú, wọ́n ti mọ ibi tó ń lọ. Bí a bá to wọn ní ìlà kan níwájú máìkì, ìlù náà á tutù, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè gbé e gbóná padà. Ribbon onísítẹ́rìò ń jẹ́ kí wọ́n kojú síra wọn, torí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbọ́ bí iwájú. Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ń pín ilẹ̀ sọ́nà mẹ́rin yí ẹsẹ̀ ìdúró máìkì ká. Ìyáàlù àti kẹríkẹrì á wà níwájú, gúdúgúdú àti sẹ̀kẹ̀rẹ̀ á wà lẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró sí ọ̀nà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà: ohùn tó bá ti ibẹ̀ wá, bí máìkì kan bá ń tì í, èkejì á máa fà á. Nínú hẹ́dífóònù, á dà bíi pé ohùn náà ò ní ojúkò. Nínú sípíkà kan ṣoṣo, á pòórá.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń lu sẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló fi èyí hàn mí kedere. Wọn ò lè lu sẹ̀kẹ̀rẹ̀ kí ẹsẹ̀ wọn má jó, bẹ́ẹ̀ ìgbàkígbà tí orin bá wọ̀ wọ́n lára, wọ́n á ti jó kọjá ìlà ṣọ́ọ̀kì. Mo gbé e sórí fóònù kí gbogbo wa jọ gbọ́: sẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún, ó dákẹ́, ó tún dé. "Èmi rèé, mi ò dákẹ́ o!" ni wọ́n ń pariwo. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, lójú kan ni kẹ́ ẹ ti jó." Rọ́ọ̀gì kékeré kan la tẹ́ síbẹ̀ fún wọn, a ní ijó kò gbọdọ̀ jáde lórí rọ́ọ̀gì.

Ẹni tó bá fẹ́ máa ṣe báyìí, kó mọ̀ pé òdì ni àwọn tó wà lẹ́yìn máa ń hàn sí: ẹni tó dúró sápá ọ̀tún lẹ́yìn, òsì ni wàá ti gbọ́ ọ. Kó sì mọ̀ pé bó bá gbà á tán, kò sí bọ́tìnì tó lè fi dín gúdúgúdú nìkan kù. Ẹsẹ̀ ni a fi ń ṣe é. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá pọ̀ jù á sún sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan, a ó tún un gbọ́, a ó tún un sún. Ó ń gba àkókò, ó sì ń bí àwọn tó ti mọ́ lára láti máa gbé máìkì kọ̀ọ̀kan sójú ìlù kọ̀ọ̀kan nínú. Lójú tèmi o, iṣẹ́ tí a bá ṣe báyìí ló máa ń dún bí ìlù tí a bá lójú agbo.

Wàyí o, èwo ni kéèyàn rà? Nínú àwọn tí mo ti lò, Royer SF-12 àti AEA R88 ló yẹ kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. California ni wọ́n ti ń ṣe méjèèjì, kò sì sí èyí tó wọ́n díẹ̀ nínú wọn. Àlúmíníọ́ọ̀mù inú àwọn méjèèjì jẹ́ 1.8 micron, kò tó ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà kan; irun orí èèyàn nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po ọgbọ̀n. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni gígùn. Ti R88 gùn ju ínǹṣì méjì lọ, ó ń gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ wọlé dáadáa, ó sì fẹ́ kí èèyàn jìnnà sí òun. Bí o bá gbé e sún mọ́ gítà ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, ohùn ìsàlẹ̀ á wú débi pé wàá ní láti gé púpọ̀ dànù. SF-12 kéré, ó ń gbà kéèyàn sún mọ́ òun jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ibi tó ń wò sì máa ń ṣe kedere létí mi. Gítà kan, agídìgbo kan, gòjé kan nínú yàrá tí kò tóbi púpọ̀: SF-12. Agbo ìlù, ẹgbẹ́ akọrin, dùùrù nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tí òrùlé rẹ̀ ga: R88. Torí pé ìlù ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, R88 tòkunbọ̀ ni mo rà.

Àwọn kan á ní kéèyàn ra ribbon ẹlẹ́yọ̀kan méjì tí kò wọ́n, kó to wọ́n léra fúnra rẹ̀. Ó ṣeé ṣe, bí méjèèjì bá bára mu. Àmọ́ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú, wàá rí méjì tó ti ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan náà wá tí ọ̀kan ń gbọ́ ohùn òkè ju èkejì lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ohùn tó yẹ kó dúró láàárín á máa rìn káàkiri. Beyerdynamic M 130 méjì ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kéré débi pé wọ́n lè fara kanra. Kí ẹ má ṣe fi M 160 rọ́pò rẹ̀ o. Wọ́n jọra lójú, ribbon náà ni, ṣùgbọ́n iwájú ni M 160 ń gbọ́ jù, kì í ṣe 8, ètò Blumlein kò sì lè jáde nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ preamp, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn máìkì sókè kó tó wọ kọ̀ǹpútà, ni ọ̀pọ̀ kì í kà kún owó máìkì. Ribbon tí kò ní ẹ̀rọ amóhùngbòòrò nínú kì í pariwo. R88 àti SF-12, nǹkan bíi mílífóòtì 2.5 péré ni wọ́n ń mú jáde fún ohùn tó le tó 94 dB (dB ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó), nígbà tí condenser lè mú 20 wá fún ohùn kan náà. Ìlù ò ní wàhálà, torí ìlù fúnra rẹ̀ ní ariwo. Agídìgbo ló máa ń fi ojú preamp hàn. Mo gbé máìkì sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí agídìgbo kan, mo yí bọ́tìnì interface kékeré mi, àpótí tó ń so máìkì mọ́ kọ̀ǹpútà, títí ó fi dé òpin, ohùn náà ṣì kéré, ìró kan sì wà lábẹ́ rẹ̀ bí òjò tó ń rọ̀ lókèèrè. Irú iṣẹ́ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ agbára tó tó 60 sí 70 dB, kó sì mọ́. Kéèyàn wá preamp tí wọ́n ṣe fún ribbon, tàbí kó ra Cloudlifter CL-2 tó ní ojú méjì, tó ń fi nǹkan bí 25 dB kún un kí ohùn tó dé inú interface. Ìdènà iná tó wà lẹ́nu ibi tí ohùn ń gbà wọlé sínú preamp náà gbọ́dọ̀ tó 1,500 ohm ó kéré tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn ìsàlẹ̀ á rọ. Bọ́tìnì òsì àti ọ̀tún sì gbọ́dọ̀ dọ́gba: mo máa ń gbé fóònù tó ń dún tìn-ìn síwájú máìkì gan-an, kí n tún bọ́tìnì ṣe títí ohùn náà á fi dúró sáàárín.

Ẹni tí owó rẹ̀ bá gbé e, Royer SF-24 ni kó rà. Irú SF-12 ni, ẹ̀rọ amóhùngbòòrò wà nínú rẹ̀, phantom, iná tí preamp ń fi ránṣẹ́ gba inú wáyà máìkì, ló ń lò, preamp tí kò lágbára púpọ̀ sì tó o. Owó náà ló ká mi lọ́wọ́ kò.

Àwọn nǹkan kan wà tí ìwé tó ń bá máìkì wá kò sọ tó bó ṣe yẹ kó sọ ọ́ fún ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Tiransífọ́mà inú máìkì ribbon máa ń gbọ́ stabilizer àti ìnfátà. Bí ó bá ń kùn, kì í sábà jẹ́ pé máìkì ti bàjẹ́. Yí i díẹ̀díẹ̀ lójú ibi tó wà, wàá rí igun kan tí kíkùn náà máa ń lọ sílẹ̀, tàbí kó o gbé e jìnnà sí ògiri tí ìnfátà wà. Mo máa ń yọ kọ̀ǹpútà kúrò lára iná, kí n lo bátìrì. Bí NEPA bá sì mú iná lọ, inú mi máa ń dùn díẹ̀, torí R88 kò nílò iná kankan, àdúgbò á sì pa rọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tó gbéra.

Fáànù àjà ni ọ̀tá rẹ̀ tòótọ́. Atẹ́gùn ń fa álúmíníọ́ọ̀mù náà gùn, bó bá sì ti gùn, kì í padà. Onílù ń làágùn, wọ́n fẹ́ fáànù, mo mọ̀. À ń tan án láàárín orin kan sí èkejì, lẹ́yìn tí mo bá ti fi àpò aṣọ bo máìkì. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fẹnu fẹ́ "fù, fù" sí i bí ẹni tó ń dán máìkì wò lóde ìnáwó, kí ẹ tètè di ọwọ́ rẹ̀ mú. Tí a bá fẹ́ gbé e rìnrìn àjò, ní òró ni kó wà nínú àpótí, kí á má sì pa àpótí náà dé gbàmù, torí atẹ́gùn tó ń jáde níbẹ̀ náà tó láti fà á.

Ní ti phantom, tó jẹ́ fóòtì 48, bí wáyà bá pé, kò ní pa àwọn tí kò nílò rẹ̀. Wáyà tí ojú rẹ̀ ti já sínú, tí iná fi ń gba apá kan ṣoṣo, ló ń ṣe é léṣe. Mo máa ń pa á kí n tó so ohunkóhun. Wáyà oníka márùn-ún tó pín sí méjì ni wọ́n ń lò. Kì í ṣe ohun tí èèyàn máa rí rà nírọ̀rùn ní Alaba, nítorí náà kí ẹ ra méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lo fẹ́ rà, má gbára lé fọ́tò. Ní kí ẹni tó ń tà á jẹ́ kó o dán an wò. Dúró níwájú rẹ̀ gan-an, láàárín ojú òsì àti ojú ọ̀tún, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, kó o máa ka oókan títí dé ogún, kó o sì gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, yí polarity ọ̀kan nínú méjèèjì, ìyẹn títì àti fífà rẹ̀, sódì nínú kọ̀ǹpútà, kó o da wọ́n pọ̀. Bí àwọn ribbon méjèèjì bá bára mu, ohùn rẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, àyàfi ìró yàrá díẹ̀. Bí ó bá ṣẹ́ ku ohùn ìsàlẹ̀ tó nípọn, ó ṣeé ṣe kí ribbon ọ̀kan ti dẹ̀. Yọ owó àtúnṣe kúrò nínú iye tó pè é, tàbí kó o fi í sílẹ̀ fún un.